Orí Tí Kò Ṣeé Sọ̀ Kalẹ̀

Owó Láyíwọlá kò rìn wá, fífò ló fò wá. Ní ọyẹ́ ọdún tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gáná, àpótí onípáànù kan ṣoṣo ni òun àti Jùmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀ láti inú lọ́rì ní Ìlobù. Kí ọyẹ́ mìíràn tó fẹ́, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù páànù àti sìmẹ́ńtì létí títì, ó ti ń wa mọ́tò, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sì ti yọrí lókè àwọn òrùlé agbo ilé wọn. A kì í bi olówó níbi tó ti rí owó. Ní Ìlobù, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń bi í.

Àwọn kan ní wúrà ló kó bọ̀ láti Gáná. Irọ́ ni. Ẹni tó kó wúrà bọ̀ kò ní wọ bàtà tí àtàǹpàkò ń yọjú níbẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Láyíwọlá nìkan ni Àbẹ̀ẹ́kẹ́ ìyá rẹ̀ bí. Ọmọ Ìfọ́n ni obìnrin náà, Ìlobù ló fẹ́ ọkọ sí. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Kùmásì. Ọjà ń tà. Láyíwọlá ra aṣọ kẹ́ńtè kan, búlúù tó ní ìlà pupa rúsúrúsú bí wúrà, ó fi rán onílọ́rì. "Ẹ ní kó máa fi bora, mò ń bọ̀." Aṣọ dé. Òun kò dé. Obìnrin náà kú, wọ́n tún ránṣẹ́, ó ní òun á wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ìgbà tí ìjọba Gáná tì í jáde ló tó rántí ọ̀nà ilé.

Ní ilẹ̀ wa, bí ọmọ bá ti àjò dé tó bá a pé ìyá rẹ̀ ti kú, kí ó tó mu omi ni yóò béèrè pé, "Níbo ni wọ́n tẹ́ ìyá mi sí?" Wọn á mú un dé ibẹ̀, á ta omi tútù sílẹ̀, á bu yẹ̀pẹ̀ lé e. Láyíwọlá kò béèrè. Ojú ń tì í, ó sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní kó wá ṣe òkú tó ti sá fún. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ilé baba ìyá òun ní Ìfọ́n ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ, bí wọ́n ṣe máa ń gbé ọ̀pọ̀ obìnrin lọ. Àwọn ará ilé ń retí kó béèrè. Ẹnikẹ́ni kò sì ní kọ́kọ́ la ẹnu, nítorí olókùú ní í béèrè òkú rẹ̀.

*

Jùmọ̀kẹ́ lóyún. Ọ̀pọ̀ oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ní Kùmásì, èyí dúró. Láyíwọlá búra pé ọmọ yìí kò ní wá sáyé nínú yàrá tí wọ́n yá wọn gbé. Ó fẹ́ owó, ó sì fẹ́ ẹ kíákíá. Ẹnìkan bá júwe Ògúnmọ́dẹdé fún un, oníṣègùn kan tó ń gbé inú oko láàrin Ìlobù àti Ẹ̀rìn.

Ọ̀sán gangan ni bàbá yìí ń gba àlejò. Ó ní òru wà fún àwọn olè. Yàrá rẹ̀ kò ní fèrèsé kankan. Bí èèyàn bá ti inú oòrùn wọlé, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, imú nìkan ni yóò kù tó ń ṣiṣẹ́: ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ pípẹ́, epo tó ti kan, ewé jíjẹrà.

"Kí lo wá wá?" ohùn kan bi í láti inú òkùnkùn.

"Owó ni, bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò lè pààyàn."

Ohùn náà rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní o pààyàn? Ẹni tó ti kú ni mò ń lò. Mú orí òkú kan wá fún mi, òkú tí ọmọ rẹ̀ kò bu yẹ̀pẹ̀ lé. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ gan-an la ó máa fi bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀ o. Orí tí o bá gbé wọ ibí, o ò ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́ láyé rẹ."

Láyíwọlá rò pé owó tí kò ní tán ló ń wí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dúpẹ́.

*

Bàbá Ọládiípọ̀, olórí ẹbí, ti yọ̀ǹda àlàpà ẹ̀yìn agbo ilé fún un kó fi kọ́lé, níbi tí yàrá ìyá rẹ̀ wó sí. Bàbá náà wò ó lójú pẹ́.

"Kí o tó ti ọkọ́ bọ ilẹ̀ yẹn, lọ bi àwọn ìyá rẹ ohun tó wà níbẹ̀."

"Mo ti gbọ́, bàbá."

Nínú agbo ilé wa, àwọn ìyá àgbà ló mọ ẹni tó sùn sábẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan, torí àwọn ló ń tẹ́ ẹní lé wọn lórí. Láyíwọlá kò bi ẹnikẹ́ni. Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju èyí tó máa fi gbẹ́ ìpìlẹ̀ lọ, ó fi háyà alágbàṣe kan tó ń jẹ́ Jàlálù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ lówùúrọ̀ tí gbogbo ilé ti lọ sóko.

Ọkọ́ Jàlálù dún kọ̀. Kì í ṣe ìró òkúta. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó sọ ọkọ́ nù, ó sì fò jáde nínú kòtò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnìkan ń bẹ nínú ilẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká da omi tútù sí i, kí ẹ wá lọ pe àwọn ìyá ilé."

"Ẹni àtijọ́ ni. Ìwọ̀fà kan ni."

"Ìwọ̀fà náà lórúkọ, ẹ̀gbọ́n."

"Máa lọ sílé. Mo máa gbẹ́ èyí tó kù fúnra mi."

Jàlálù lọ, kò sì padà wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Láyíwọlá wọ inú kòtò náà. Egungun yẹn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń sùn. Òwú díẹ̀ lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n rẹ̀. Búlúù. Pupa rúsúrúsú.

"Gbòǹgbò ni," ó wí sókè. Kò sì sẹ́ni tó bi í.

Ó gbé ẹnu ọkọ́ lé ọrùn, ó tẹ̀ ẹ́. Eegun náà ṣẹ́ bí igi ìdáná. Ó fi ẹ̀wù rẹ̀ wé orí, ó wa yẹ̀pẹ̀ bo ìyókù. Lálẹ́ ọjọ́ náà Bàbá Ọládiípọ̀ bi í bóyá ó ti bi àwọn ìyá rẹ̀.

"Mo ti bi wọ́n, bàbá," ni Láyíwọlá wí.

*

Ògúnmọ́dẹdé kò tan iná. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí nǹkan náà nínú òkùnkùn: ihò ojú, eyín, àgbọ̀n.

"Obìnrin ni. O mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, bàbá."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó gbé orí sínú ìkòkò amọ̀, ó fa ọwọ́ Láyíwọlá mọ́ra, ó fi abẹ ya àtàǹpàkò rẹ̀.

"Òjò kì í rọ̀ kí ilẹ̀ kọ̀ ọ́. Àgbàrá kì í ṣàn kó má bá odò. Ẹnu tó ti dákẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, mo là ọ́. Pe owó. Pe é láti Òṣogbo, pe é láti Ìfọ́n, pe é láti ibi tí ojú ò tó."

Ẹ̀jẹ̀ ń kán. Nínú ìkòkò, àgbọ̀n pàdé eyín: kẹ̀kẹ̀, kẹ̀kẹ̀. Láyíwọlá gbọ́ èémí lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí ìka rẹ̀. Ìtọ̀ ṣàn dé kókósẹ̀ rẹ̀.

Owó sì dé. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, gbogbo èèyàn ń kọ́lé, àfi bí ẹni pé páànù Láyíwọlá nìkan ni òjò kò lè lù já. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ń ti Òṣogbo wá dúró dè é. Ó mọ ilé sórí kòtò yẹn, ó fi sìmẹ́ńtì tẹ́ pálọ̀, òun àti Jùmọ̀kẹ́ sì kó síbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń lọ sóko lọ́sàn-án lọ fún orí náà ní ẹ̀jẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ọjà kọ̀ọ̀kan ni ìṣòro. Bó bá jí, ẹ̀jẹ̀ á kún ẹnu rẹ̀. Kò ní egbò, kò ní eyín dídùn. Ẹ̀jẹ̀ náà á lọ́ wọ́ọ́rọ́, á dùn díẹ̀, bí ọmú. Kó tó la ojú rárá, á máa gbọ́ ọwọ́ kan tó ń gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń gbá ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yó.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ló wà lórí ìrọ̀rí yín?" Jùmọ̀kẹ́ bi í.

"Eyín ló ń dùn mí."

Ó ń sanra, ó ń dán. Àwọn tó ń kí i kú orí ire kò mọ̀ pé ẹ̀rù oorun ń bà á.

*

Bí oṣù Jùmọ̀kẹ́ ṣe ń pé, ọkàn Láyíwọlá kò balẹ̀. Ó rò ó pé bí òun bá ṣe ìyá òun lẹ́yẹ, bóyá ọkàn òun á sinmi. Ó ra màlúù, ó di sìmẹ́ńtì sínú mọ́tò, ó wà á lọ sí Ìfọ́n. Ọ̀ṣúnwùmí, àbúrò ìyá rẹ̀, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Láyíwọlá dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá kékeré, ẹ kú ìjókòó o. Mo wá ṣe ojú oórì ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró. "Ojú oórì ta?"

"Ti ìyá mi ni, mà."

"Láyíwọlá, ìyá rẹ kò sí níbí. A fẹ́ gbé e wá, ó kọ̀. Kí ẹ̀mí tó bọ́ ló mú wa búra. Ó ní, 'Ẹ má gbé mi lọ Ìfọ́n. Ẹ sin mí sí yàrá mi. Ọmọ mi ń bọ̀ láti Gáná. Bó bá dé, kó bá mi nílé.' Aṣọ tó o fi ránṣẹ́ la fi wé e lórí." Ó gbójú sókè. "Ṣé wọn ò sọ fún ọ ni? Ṣé o ò béèrè ni?"

Ẹnu Láyíwọlá kún fún ẹ̀jẹ̀, lọ́sàn-án, lójú oòrùn. Ó bì í sórí ẹ̀gúsí. Ohun tó dùn ún jù ni pé kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Ó rí òwú yẹn. Ó rí i, ó mọ àwọ̀ rẹ̀, ó pè é ní gbòǹgbò.

*

"Ẹ gbé ìyá mi fún mi!"

"O ti wá mọ̀ ọ́n báyìí?" Ògúnmọ́dẹdé kò dìde nínú òkùnkùn rẹ̀. "Èmi ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ní gbogbo Ìlobù, ta ló tún kù tí kò sin ìyá rẹ̀? Ìwọ ni mo wò kí n tó dárúkọ orí tí mo fẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá."

"Àwọn òkú mi a máa mu ẹ̀jẹ̀. Kí ọdún tó yí, ẹni tó gbé wọn wá á ti gbẹ, èmi á sì jogún rẹ̀. Ìwọ ń sanra! Obìnrin yìí kò mu ún. Ó ń gbé e padà sí ọ lẹ́nu, bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ. Mo fẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí kò ní lè gbé padà fún ọ. Èyí tó wà nínú ìyàwó rẹ ni mo fẹ́."

Láyíwọlá bẹ́ mọ́ ìkòkò. Àdá bàbá náà ré kọjá lẹ́bàá etí rẹ̀. Bàbá náà ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò kó lè gbá orí mú. Kẹ̀. Ìka ṣẹ́. Ó lọgun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tú sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ṣàn lọ sí ìdí ògiri. Láti ìdí ògiri yẹn, níbi tí Láyíwọlá kò rí nǹkan kan rí, àwọn àgbọ̀n mìíràn bẹ̀rẹ̀: kẹ̀kẹ̀, kẹ̀kẹ̀, kẹ̀kẹ̀, yí yàrá náà ká.

Ó gbá orí ìyá rẹ̀ mọ́ àyà, ó sá jáde sínú oòrùn. Igbe náà tẹ̀ lé e dé ìdí mọ́tò, kó tó dáwọ́ dúró. Nígbà tí àwọn ọdẹ wọ yàrá yẹn lẹ́yìn náà, Ògúnmọ́dẹdé ti gbẹ bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sórí ààrò.

*

Láyíwọlá gbé dígà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sìmẹ́ńtì pálọ̀ rẹ̀. Agbo ilé sá dé. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹ́wọ́, ó ń sunkún, kò fi nǹkan kan pamọ́.

"O ní o bi àwọn ìyá rẹ," ni Bàbá Ọládiípọ̀ wí.

"Irọ́ ni mo pa, bàbá."

Wọ́n kan egungun náà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹ kó wà. Láyíwọlá gbé orí lé ọrùn, orí yí kúrò. Ó tún gbé e, ó tún yí. Ibi tí ọkọ́ bà jẹ́ kò ṣeé tò mọ́. Àwọn ìyá àgbà fi yẹ̀pẹ̀ tì í lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n ta omi tútù sílẹ̀, wọ́n ní kó ṣe tirẹ̀.

"Ìyá mi, Àbẹ̀ẹ́kẹ́, mo ti dé," ó wí. Ó bu yẹ̀pẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀ tí Jùmọ̀kẹ́ fi lọgun nínú yàrá kejì. Ìrọbí ti mú un.

Obìnrin ló bí. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orúkọ, Yétúndé ni. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ dáwọ́ dúró, ó pe Láyíwọlá sún mọ́ ọn. Ìlà dúdú kan yí ọrùn ọmọ náà po, tín-ín-rín bí òwú. Orí rẹ̀ sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n gbé e, ó ṣubú. Jùmọ̀kẹ́ gbé e, ó ṣubú. Láyíwọlá ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, orí náà dúró, ọmọ sì la ojú, ó wò ó bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́.

Ọmọ náà ti tó ọmọ ilé-ìwé báyìí. Ó gbọ́n, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ọrùn rẹ̀ nìkan ni kò le. Ṣọ́ọ̀bù ti lọ, mọ́tò ti lọ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn kò ní òrùlé. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn agbo ilé wọn kọjá, ẹ ó rí bàbá rẹ̀ lórí àpótí lábẹ́ ògiri, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lábẹ́ orí ọmọ. Kì í dọ̀bálẹ̀ kí àgbà mọ́, a sì ti foríjì í. Àwọn tí àánú rẹ̀ ń ṣe a máa ní, "Láyíwọlá, gbé e wá ká gbà ọ́ díẹ̀, kí o sinmi apá."

"Ẹ ṣeun o," á wí. "Ìyá mi ni."