Ọ̀já Kékeré fún Etí Mọ́mì

Waliyat nìyí. Bàrígà ni ilé wọn, níbi tí òórùn ẹja yíyan ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé nírọ̀lẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń wọ ìbòmú.

Tí Mọ́mì bá ti dé, Waliyat á gun itan wọn. Á fi ẹnu sí wọn létí. Á sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Wúyẹ́wúyẹ́wúyẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Waliyat fi ẹnu sí wọn létí. Mọ́mì fa orí sẹ́yìn.

"Rọra, ọmọ mi," ni Mọ́mì wí. "Etí ń dùn mí."

Waliyat wo ẹ̀yìn etí náà. Ó pọ́n. Ó ti bó. Okùn ìbòmú ló ń há a, híjáàbù sì ń tẹ okùn náà mọ́ ọn láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọ̀rọ̀ àṣírí Waliyat kò ríbi gbà. Ó gbé e mì. Kò dùn lọ́fun rárá.

Ó lọ ròyìn etí náà fún Màmá Àgbà. Màmá Àgbà ni ìyá Mọ́mì. Wọ́n mọ fìlà ọmọdé hun gan-an. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja ni wọ́n fi ń hun ún.

Màmá Àgbà ní kí etí sinmi ẹrù rírù. Wọ́n ní àwọn á hun ọ̀já kékeré sí ẹ̀yìn orí, àwọn á rán bọ́tìnnì sí i lọ́tùn-ún àti lósì. Ara bọ́tìnnì ni okùn ìbòmú á máa kọ́.

Mọ́mì ti dojúbolẹ̀ sùn lọ. Waliyat yọ́ wọlé, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó fi òwú wọn ẹ̀yìn orí wọn, láti etí kan dé èkejì.

Màmá Àgbà mú òwú aláwọ̀ ewé. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Tì í wọlé. Fà á jáde. Tì í wọlé. Fà á jáde.

Waliyat la ẹnu sílẹ̀. Òwú kan ṣoṣo ni o! Kò sí gọ́ọ̀mù. Kò sí àránpọ̀. Òwú ń di ọwọ́ ara rẹ̀ mú.

"Màmá Àgbà, ta ló kọ́ òwú nírú èyí?"

"Ìyá mi ló kọ́ mi," ni wọ́n dáhùn. "Èmi náà á kọ́ ẹ."

Ó kan Waliyat. Ó fà á, gbọn-ìn! Ó le jù. Màmá Àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Waliyat rọra.

Tì í wọlé. Fà á jáde. Ọ̀já parí.

Ilẹ̀ mọ́. Mọ́mì wọ híjáàbù, wọ́n gbé ọ̀já sí ẹ̀yìn orí. Waliyat fa okùn ìbòmú. Ó fà á, fà á, fà á. Okùn kò dé ọ̀dọ̀ bọ́tìnnì.

Mọ́mì kò bínú. Wọ́n bọ́ híjáàbù, wọ́n tún fi okùn kọ́ etí, wọ́n sì dá híjáàbù padà sórí. Wọ́n dijú nítorí ìrora. Wọ́n lọ síbi iṣẹ́.

Waliyat jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Omijé kún ojú rẹ̀. Ṣebí ó wọn orí Mọ́mì dáadáa?

Híjáàbù kan wà lórí okùn aṣọ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó wú, ó tóbi.

Waliyat dìde fùú, ó sáré wọlé.

"Màmá Àgbà, orí tó ń sùn ni mo wọ̀n. Orí tó ń sùn kì í wọ híjáàbù."

Màmá Àgbà pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn náà ò rántí, àwọn tó ti ń wọ híjáàbù kí wọ́n tó bí Mọ́mì!

Wọ́n tú bọ́tìnnì. Wọ́n mú orí òwú, wọ́n fà á. Fọrọrọrọ! Gbogbo ọ̀já tú pátá.

Àyà Waliyat já. Ó rò pé ó ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n òwú kò já. Ó ká jọ sílẹ̀ bí indómì inú àwo. Òwú kan ṣoṣo náà ni, ó sì ti ṣetán láti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ya Waliyat débi pé ó gbàgbé ẹkún.

Màmá Àgbà wọ híjáàbù Mọ́mì. Waliyat wọn orí wọn. Tì í wọlé. Fà á jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀já gùn sí i.

Lọ́jọ́ kejì, okùn dé ọ̀dọ̀ bọ́tìnnì. Lọ́tùn-ún, kọ́! Lósì, kọ́!

Mọ́mì fọwọ́ kan etí wọn. Kò sí okùn kankan níbẹ̀.

"Ṣé mo wọ ìbòmú báyìí?" ni Mọ́mì bèèrè, ohùn wọn lọ sílẹ̀. Wọ́n wo ọ̀já náà nínú dígí. Wọ́n tún wò ó. Inú Waliyat dùn dé gongo.

Díẹ̀díẹ̀, etí Mọ́mì san. Kò pọ́n mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n jókòó. Wọ́n dẹ orí sílẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Waliyat.

"Máa bọ̀," ni Mọ́mì wí. "Etí yìí ti ń retí ẹ."

Waliyat gun itan wọn. Ó fi ẹnu sí etí Mọ́mì. Wúyẹ́wúyẹ́wúyẹ́.

Ojú Mọ́mì là rekete. Wọ́n gbá Waliyat mọ́ra.

Kí ni Waliyat sọ? Àwa kò gbọ́ o. Etí Mọ́mì nìkan ló gbọ́.