Pòròpórò Ráì Lókè Tábìlì

Saila jókòó ti tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, ó fi sísọ́ọ̀sì gé ẹyọ pòròpórò kan lára ráì, ọkà àwọn ilẹ̀ olótùútù, ó sì là sí méjì. Ó mú òmíràn. Òun náà là. Nígbà tí ẹ̀kẹta fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà, ó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Ta ló tilẹ̀ rán mi níṣẹ́ yìí?"

Ó mọ ẹni tó rán an. Àwọn àgbà Perkiö, abúlé rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland, ní kó bá wọn ṣe gbọ̀ngàn abúlé lọ́ṣọ̀ọ́ fún oúnjẹ Kérésìmesì. Wọn ò fún un ní nǹkan kan. "Ìwọ tó o mọ bí a ti ń sọ pàǹtí di ọ̀ṣọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ.

Himeli ló fẹ́ ṣe. Kò sí Kérésìmesì níbẹ̀ láìsí himeli: pòròpórò ráì tí wọ́n gé kéékèèké, tí wọ́n ki òwú bọ̀, tí wọ́n so pọ̀ ní igun-igun títí tó fi dà bí ilé òfìfo tó ń fò lókè tábìlì. Saila kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó tú ògbólógbòó kan palẹ̀ ni, ó sì tò ó padà. Ohun tí iṣẹ́ náà ń gbà kò ju pòròpórò, òwú àti sùúrù lọ. Òwú nìkan ló wà nílé lọ́jọ́ yẹn.

Ó ti àpò pòròpórò náà sẹ́yìn ọkọ̀, ó wà á padà sí oko tí wọ́n ti kó o fún un.

Bàtà ẹnìkan ló kọ́kọ́ rí, ó yọ jáde lábẹ́ katakata.

"Ẹ̀yin lẹ ni oko yìí?"

"Èmi ni." Bàtà náà kò mira.

"Pòròpórò yín ò dáa. Gbogbo rẹ̀ ló ti là."

Bàtà náà mì díẹ̀. "Àwọn màlúù ò tíì ṣàròyé."

Saila fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà wọ́ jáde, ọ́ìlì gba gbogbo iwájú orí rẹ̀. Tuure lorúkọ rẹ̀. Ó mú pòròpórò kan, ó yí i láàárín ìka, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ẹ̀rọ ìkórè ló tẹ̀ ẹ́ fọ́. Èyí tẹ́ ẹ ń wá, dòjé la fi ń gé e."

Ó gun àkàsọ̀ lọ sókè àká láìsọ ohun tó ń lọ ṣe. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi tí Saila fi rò pé ó ti sùn lọ. Nígbà tó yọ, ìtí ráì kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, tí ó gùn, tí kò sì ní àlébù.

"Ti àwọn ẹyẹ ni," ló wí. Kò sí ilé kan ní agbègbè náà tí kì í gbé ìtí ọkà síta fún ẹyẹ nígbà Kérésìmesì.

"Ẹ fẹ́ kí n gba oúnjẹ lẹ́nu ẹyẹ?"

"Orí rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ẹ mú ìdí."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Saila ń lọ sí oko Tuure. Ọkùnrin náà fẹ́ mọ bí ohun gbogbo ṣe ń ṣiṣẹ́. Saila fi hàn án bí a ti ń rẹ pòròpórò sínú omi gbígbóná kó má baà là, bí a ti ń ṣà á ní títóbi àti tínínrín, bí méjìlá tó dọ́gba ti ń di ilé òfìfo kékeré kan, àti bí a ti ń fa òwú le láìjẹ́ kó gé ẹnu pòròpórò. Tuure ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo inú ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ kan ó na nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Abẹ́rẹ́ gígùn ni, ó fi wáyà táyà kẹ̀kẹ́ ṣe é, ó sì fi yanrìn dán an títí ó fi ń kọ mànà.

"Tìrẹ kúrú," ló wí.

Ọjọ́ náà gan-an ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ Saila lọ́kàn, ó sì bí i nínú. Nínú gbogbo ọkùnrin, ṣé èyí tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń fi owó rà á ló yẹ kó kó sí òun lórí?

"Tuure, ṣé o fẹ́ràn mi?"

"Mo ṣe abẹ́rẹ́ fún ọ."

"Abẹ́rẹ́ kọ́ ni mo bi ọ́!"

Etí Tuure pọ́n. Ó gbójú sókè wo himeli kékeré tí wọ́n fi dánra wò, tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ lórí òwú rẹ̀. "Èémí ló ń yí i," ló wí. "Bó o bá ti ń sọ̀rọ̀, á máa yí."

"Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀, aláǹtakùn á ta sí i."

Tuure rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti gé gbogbo pòròpórò tí himeli ńlá máa gbà. Saila dì í, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru tó wà nínú oko náà, kí ooru ibẹ̀ lè rọ̀ ọ́ kí wọ́n tó ki òwú bọ̀ ọ́. Nígbà tí òun àti Hilkka, ìyá Tuure, jọ wọ sáúnà ní ìrọ̀lẹ́, kò rí ìdì náà mọ́.

"Màmá, pòròpórò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́?"

"Koríko yẹn? Òun ni mo fi dáná."

Saila pariwo. Ó ní ṣé ojú màmá fọ́ ni? Ó ní ṣé iṣẹ́ ọjọ́ gbogbo ni wọ́n ń sọ di eérú nílé yìí? Ariwo náà gba ara igi ògiri, ó sì padà wá bá a.

Hilkka dìde.

"Inú ibí ni wọ́n bí mi sí," ló wí. "Ibí la ti wẹ òkú ìyá mi. Bí a ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì la ń ṣe níbí. Ẹni tó bá pariwo ní sáúnà yìí ò lè di ìyàwó ilé yìí."

Ó mú aṣọ ìnura rẹ̀, ó jáde.

Saila náà jáde. Tuure jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, ó ń dúró de ìgbà tirẹ̀.

"O gbọ́ ohun tí màmá rẹ sọ?"

"Mo gbọ́."

"Kí ni ìwọ wá ní í sọ?"

Tuure wo èéfín tó ń jáde lókè sáúnà, pòròpórò wọn ló ń lọ yẹn. "Ráì máa ń yára jó," ló wí.

Saila wọ aṣọ rẹ̀, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Páálí mílíìkì ló fi ṣe gbọ̀ngàn náà lọ́ṣọ̀ọ́. Ó gé inú wọn tó ń dán di ìràwọ̀. Ó pọn omi sínú garawa, ó gbé e síta kí òtútù mú un. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di yìnyín, ó da omi àárín nù, ó fi àbẹ́là sínú ihò náà. Fìtílà yìnyín tò sí ẹ̀bá ọ̀nà títí dé ẹnu gbọ̀ngàn. Gbogbo ayé yìn ín. Òkè tábìlì nìkan ló ṣófo, ibẹ̀ nìkan sì ni ojú rẹ̀ ń lọ.

"Gbàgbé rẹ̀," ni Àǹtí Lempi, àbúrò bàbá rẹ̀, wí fún un. "Ọkùnrin tí iná jó pòròpórò lójú rẹ̀ tí kò fọhùn, tí iná bá ń jó ilé, ṣé yóò jí ọ?"

"Mo ti gbàgbé rẹ̀," ni Saila dáhùn. Irọ́ ni.

Yìnyín bo ilẹ̀, ó yọ́. Tuure kò pè. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, katakata dúró lẹ́nu ọ̀nà Saila. Tuure sọ̀ kalẹ̀, ìtí ráì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n bọ̀ láti ara àwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo rò pé o ti kú!"

"Rárá."

"Oṣù méje, Tuure! Oṣù méje gbáko!"

"Ráì tuntun ò tíì tó gé," ni Tuure wí. "Abẹ́ yìnyín ló kọ́kọ́ wà. Mo ń lọ wò ó lójoojúmọ́."

Ojú Saila kún fún omijé, inú sì tún ń bí i. "O ò lè pè mí, kó o sọ fún mi pé ò ń lọ wò ó?"

Tuure ronú sí i dáadáa. "Mi ò rò ó débẹ̀."

"Olúwa o!"

"Màmá ní kó o wá sí sáúnà ní Sátidé."

"Kí wọ́n lè tún lé mi?"

"Wọ́n ní kó o wá."

Saila lọ ní Sátidé náà. Hilkka bu omi sórí òkúta gbígbóná tó wà lórí ààrò, ooru gba gbogbo ibẹ̀ kan. Saila fi eyín di ahọ́n mú. Nígbà tó pẹ́, ìyá náà ní, "Kọ ẹ̀yìn sí mi," ó sì fọ ẹ̀yìn rẹ̀ fún un bí ẹni ń fọ ti ọmọ rẹ̀.

Orí àtẹ̀gùn níta ni Saila ti rí ẹnu sọ ọ́. "Màmá, ẹ má bínú. Kò yẹ kí n pariwo níbẹ̀."

"Mo rí i pé wọ́n gé e dọ́gba," ni Hilkka wí. "Ta ló ń gé koríko ìdáná dọ́gba? Ojú mi rí i, mi ò béèrè. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn." Ó fún omi orí rẹ̀ dànù. "Ọmọ mi yẹn, bí ẹnì kan ò bá pariwo mọ́ ọn, inú àká ni yóò ti dógùn-ún. Pariwo mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìta ni kó o ti máa ṣe é."

Láti ìgbà ìkórè ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń gé, tí wọ́n ń ki òwú bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń so ó. Hilkka ló ń ṣà, Saila ló ń rán, Tuure ló ń wọn ìwọ̀n kí apá kan má baà wúwo ju èkejì lọ. Nígbà tí oṣù Kejìlá dé, lọ́jọ́ ìgbéyàwó Saila àti Tuure, wọ́n so ó kọ́ sókè tábìlì ìyàwó ní gbọ̀ngàn abúlé, ó fẹ̀ ju tábìlì náà lọ. Ìràwọ̀ páálí yí i ká, fìtílà yìnyín ń tàn níta.

Ìgbà ọ̀rọ̀ ọkọ ìyàwó tó. Tuure dìde. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo àlejò lẹ́nu. Himeli náà dúró lókè láìyí.

"Ẹ jẹ́ ká jẹun," ni Àǹtí Lempi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ráì á tún hù kí èyí tó la ẹnu."

"Saila," ni Tuure wí. Etí rẹ̀ ti pọ́n. "Ọjọ́ tó o wá bú pòròpórò mi ni mo ti fẹ́ràn rẹ. Mo fẹ́ràn rẹ nígbà tó o pariwo, mo sì fẹ́ràn rẹ nígbà tó o lọ. Mo ń rìn lórí yìnyín lójoojúmọ́, mò ń sọ ọ́ fún ráì nítorí mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọ. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ yẹn. Olólùfẹ́ mi, mo fẹ́ràn rẹ."

Hilkka fi etí aṣọ tábìlì nu ojú. Saila gbójú sókè. Pòròpórò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, díẹ̀díẹ̀, igun dé igun, òjìji rẹ̀ ń rìn lójú gbogbo èèyàn.

Tuure fẹ́ jókòó. Saila di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má tíì jókòó," ló wí. "Ó ń yí."

Tuure sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.