Ìwé Méjì Lórí Tábìlì Kan

Gbogbo ènìyàn tí ó wà nínú gbọ̀ngàn eré Kọ́lẹ́jì Nordrum ni ó fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àfi ọkùnrin kan ṣoṣo. Yìnyín ṣì wà ní èjìká kóòtù rẹ̀. Ó tẹ́ ìwé gbọọrọ kan sórí itan, ó sì dorí kodò, ó ń fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sínú rẹ̀ bí akọ̀wé ilé ẹjọ́ nígbà tí ẹlẹ́rìí bá ń sọ̀rọ̀.

Solveig Aamodt wò ó títí. Láti ìgbà tí kò tíì mọ ìrìn ni wọ́n ti ń gbé e wá wo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí, kò sì tíì rí ẹni tí ó jókòó rí nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wọ agbọ̀n. Ó yọjú wo inú ìwé náà.

"O ò kọ ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó fún un ní bọ́ọ̀lù," ó wí.

Ọkùnrin náà kò gbójú sókè. "Nítorí pé kò ràn án lọ́wọ́ ni. Ẹni tó gbà á ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jù ú. Ìrànlọ́wọ́ wo ló tún kù níbẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ariwo lò ń pa lọ́wọ́ nígbà tó ta ẹ̀kẹta."

Ó yẹ kí inú bí Solveig, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé o rí bàbá tó jókòó láàárín tábìlì lọ́hùn-ún, tó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé? Akọ̀wé eré nìyẹn. Ohun tó bá ti kọ, abẹ gé e. Ó sì ti kọ ìrànlọ́wọ́ yẹn."

"Báwo lo ṣe mọ̀ láti ibi tó o jókòó sí?"

"Ó mi orí. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bó bá kọ ọ́. Bàbá mi ni."

Nígbà náà ni ọkùnrin náà tó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n nítorí òtútù. "Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá rẹ," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni."

Corwin Stroebel ni orúkọ rẹ̀. Awọnlẹ̀ ni, Kọ́lẹ́jì Pruett ni ó sì ti kàwé, níbi tí kò ju ogójì máìlì lọ sí Nordrum. Àwọn ará Nordrum a máa fẹ́ kí yìnyín bo ilé wọn ju kí Pruett borí wọn lọ. Ọdún mẹ́rin gbáko ni Corwin fi wà nínú ẹgbẹ́ Pruett, ṣùgbọ́n gbogbo ìṣẹ́jú tí ó fi gbá bọ́ọ̀lù kò tó èyí tí ọ̀dùnkún fi ń jinná. Orí bẹ́ǹṣì ni ó ti kọ́ bí a ti ń kọ ìwé eré.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú àríyànjiyàn. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wọn a pàdé ní ilé ọtí kan tí ó wà ní agbedeméjì ìlú méjèèjì, wọn a jẹ ẹja díndín, wọn a sì máa jà lórí ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù. Ti Solveig ni Anders Kolb, òmìrán Nordrum tí ó ń wọ nọ́ńbà mẹ́tàlélógún.

"Ó ga, mo gbà," ni Corwin a máa wí. "Igi náà ga."

"Igi tó ń já bọ́ọ̀lù gbà lórí àwọn ọmọ yín. Jẹ ẹja rẹ, ọ̀gá awọnlẹ̀."

"Bí mo bá jẹ ẹja mi tán, ṣé o máa fún mi ní tìrẹ?"

"Bí o bá gbà pé Kolb ni ọ̀gá."

"Ebi kò tíì pa mí tó bẹ́ẹ̀, olólùfẹ́ mi."

Kí ọdún tó parí, Corwin ti ń sọ̀rọ̀ ilé tí àwọn méjèèjì yóò jọ gbé. Halvor Aamodt, bàbá Solveig, kò sì bínú sí i. Olùkọ́ ìṣirò tí ó ti fẹ̀yìntì ni Halvor. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìjókòó tí ó ti jókòó fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nídìí tábìlì náà ni ó kù tí ó ń mú un jáde nílé. "Ọmọ Pruett ni," ó wí, "ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ mọ́."

Ní oṣù Kìíní ni Solveig ṣàkíyèsí pé bàbá òun ń da kọfí sí ẹ̀gbẹ́ ife.

"Bàámi, ẹ ò ríran mọ́."

"Mo ń rí ohun tó súnmọ́ mi. Ohun tó jìnnà ló ń ṣú." Ó nu tábìlì, ó sì nù ún kọjá ibi tí kọfí dà sí. "Jẹ́ n parí sáà yìí. Oṣù Kẹta kò jìnnà mọ́. Ṣèlérí fún mi pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́, àti ọmọ Pruett yẹn pàápàá."

Solveig ṣèlérí. Láti ọjọ́ náà ni ó ti kúrò ní ààyè rẹ̀, tí ó sì ń jókòó gẹ́lẹ́ sẹ́yìn bàbá rẹ̀. Bí ọmọ kan bá gba bọ́ọ̀lù, yóò sọ nọ́ńbà rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí: mẹ́tàlélógún, mẹ́rìnlá, méjìlélọ́gbọ̀n. Roscoe, tí ó ń wa tírélà wàrà tí ó sì máa ń jókòó tì í, rò pé àdúrà ni ó ń gbà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, wàrà tí ó ti oko mẹ́ta wá kò yege àyẹ̀wò ní ilé-iṣẹ́ wàràkàṣì tí Solveig ti ń ṣiṣẹ́, kò sì rí ààyè lọ sí gbọ̀ngàn. Corwin lọ, nítorí ó rò pé yóò bá a níbẹ̀. Nígbà tí kò rí i, ó ṣí ìwé rẹ̀.

Ní ọjọ́ náà ni wọ́n kéde pé Kolb ti gba bọ́ọ̀lù àtapadà tí kò wọ agbọ̀n mọ́kànlélógún, iye tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn náà. Ṣùgbọ́n mẹ́tàdínlógún ni ó wà nínú ìwé Corwin. Ọmọ kan tí a ń pè ní Tate Wiersma, nọ́ńbà méjìlélọ́gbọ̀n, ni ó gba mẹ́rin yòókù. Òun náà ga, irun orí òun náà sì funfun bí ti Kolb.

Àwọn olólùfẹ́ eré àwọn kọ́lẹ́jì kéékèèké náà ní ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti máa ń bú ara wọn láti Sátidé dé Sátidé. Ibẹ̀ ni Corwin kọ ọ́ sí, láìbú ẹnikẹ́ni: mẹ́tàdínlógún, kì í ṣe mọ́kànlélógún, mẹ́rin jẹ́ ti Wiersma. Kí ilẹ̀ tó mọ́, igba ènìyàn ti dáhùn. Àwọn kan ní ìlara ni ó ń pa ọmọ Pruett. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n lé bàbá arúgbó náà kúrò, pé ó ti pẹ́ tí ó ti ń fún àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe tiwọn.

Solveig wa ọkọ̀ lọ bá a létí adágún tí ó ti ń wọn ilẹ̀. Corwin dúró ti ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ nínú yìnyín.

"Pa á rẹ́," Solveig wí.

"Sọ fún mi pé irọ́ ni. Màá pa á rẹ́ kí o tó dé ìdí ọkọ̀ rẹ."

Solveig yíjú sí adágún.

"Ọmọ Wiersma yẹn fò, mo fojú mi rí i," Corwin wí. "Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀. Ṣé ká wá gba tirẹ̀ fún ẹni tó ti ní tó?"

"Bàbá mi wá ńkọ́? Ṣé o rí ohun tí wọ́n ń pè é?"

"Mo rí i, ó sì dùn mí. Èmi kọ́ ni mo pè é bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ló ṣe, ta ni kì í ṣàṣìṣe?" Ó súnmọ́ ọn. "Àmọ́ mẹ́rin nínú eré kan ti pọ̀ jù fún bàbá rẹ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, Solveig. Kí ni mi ò mọ̀?"

Gbogbo òtítọ́ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ìlérí sì wà lórí òtítọ́ náà bí òkúta.

"Kò sí nǹkan kan," ó wí. "Má wá sọ́dọ̀ mi mọ́."

Halvor ní ẹsẹ̀ ọmọ náà kò gbọdọ̀ tẹ àtẹ̀gùn ilé òun mọ́. Ó sọ ọ́ kíkankíkan, Solveig sì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n pa irọ́ mọ́ kì í bínú báyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Ní ọjọ́ Ẹtì, inú ilé ni ó ti ń jẹun, kì í sì í jẹ ẹ́ tán.

Ní oṣù Kẹta, ife ẹ̀yẹ gbogbo àgbègbè ku ẹgbẹ́ méjì, Nordrum àti Pruett, ní gbọ̀ngàn Nordrum, ní ọ̀sán Sátidé. Àṣà ni pé kí akọ̀wé àlejò jókòó ti akọ̀wé onílé, kí ìwé méjì wà lórí tábìlì kan, kí wọ́n sì máa pe gbogbo fáwùlù síra wọn létí. Ìyàwó akọ̀wé Pruett bímọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Corwin ni kóòṣì rán wá.

Ó kí Halvor. Halvor kàn ṣí ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn wọn, Solveig di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú láàárín orúnkún.

Ó rẹ ohùn tí ó fi ń sọ nọ́ńbà sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n etí Corwin kò jìnnà. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, pẹ́ńsù Corwin dúró. Ó wo ojú bàbá arúgbó náà, ó wo ẹnu Solveig, ó sì padà sínú ìwé rẹ̀.

Bí ìlàjì àkọ́kọ́ ṣe ń parí lọ, rẹfirí fun fèrè sí Kolb. Ó na ìka méjì ní ọwọ́ kan, mẹ́ta ní ọwọ́ kejì. Lọ́gán ni agogo ìsinmi dún, àwọn onífèrè kọ́lẹ́jì sì bẹ̀rẹ̀ orin. Akọ̀wé méjèèjì kò ráyè pe fáwùlù náà síra wọn. Solveig rí ọwọ́ bàbá rẹ̀ tí ó kọ ọ́ sí ìlà méjìlélọ́gbọ̀n. Ó lè tẹ̀ ẹ́ léjìká. Ṣùgbọ́n Corwin wà níbẹ̀. Fáwùlù kan ṣoṣo, ó sọ fún ara rẹ̀, kò lè ba nǹkan kan jẹ́.

Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí eré parí, Nordrum fi àmì kan ṣoṣo ṣáájú. Fèrè dún. Kolb ni.

"Karùn-ún fún mẹ́tàlélógún," Corwin wí. Ẹni tí ó bá ní márùn-ún gbọ́dọ̀ jáde.

"Ìkẹrin," Halvor wí.

Rẹfirí sáré wá. "Ìwé yín ò bára mu? Ìwé onílé ni màá tẹ̀ lé, àfi bí onílé fúnra ẹ̀ bá ní ó ṣìnà."

"Ìwé onílé sọ ìkẹrin."

Rẹfirí yíjú sí Corwin. "Ṣé nǹkan míì wà tó o fẹ́ kí n gbọ́?"

Nǹkan míì wà. Solveig rí i lójú rẹ̀ bí ó ṣe bojú wẹ̀yìn wò ó lẹ́ẹ̀kan. Gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ojú bàbá arúgbó kan ti tó láti gba ife náà fún Pruett.

"Ohun tí mo kọ nìkan ni mo ní, sà," Corwin wí.

Rẹfirí gbé fèrè sẹ́nu.

"Bàámi." Solveig ti dìde. "Fáwùlù tó kẹ́yìn ní ìlàjì àkọ́kọ́, mẹ́tàlélógún ni. Ẹ kọ ọ́ sí méjìlélọ́gbọ̀n. Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀."

"Jókòó, jàre," Roscoe wí. "Ọmọ ibo gan-an ni ẹ́?"

Halvor kò mira. Ó gbé ìwé náà súnmọ́ imú níwájú gbogbo ènìyàn, bí kò ti ṣe rí ní gbangba, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó fúnra rẹ̀ tẹ agogo.

"Ìwé onílé ṣìnà," ó wí. "Èmi ni mo ṣìnà. Márùn-ún ni. Kí ọmọ náà jáde."

Ariwo sọ. Nordrum fi àmì mẹ́ta pàdánù.

Nígbà tí gbọ̀ngàn ṣófo, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà nídìí tábìlì.

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé mi ò ríran?" Halvor béèrè.

"Kò pẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀, sà."

"Kí ló dé tó ò sọ fún rẹfirí?"

"Ti yín ni láti sọ, sà. Fáwùlù ni wọ́n ní kí n kọ."

Bàbá náà mí kanlẹ̀. "Ọmọ Wiersma yẹn, mélòó ló gbà lọ́jọ́ náà?"

"Mẹ́sàn-án, pẹ̀lú mẹ́rin yẹn."

"Wá sílé lọ́la. Wá kà á sí mi létí, n óò kọ̀wé sí kọ́lẹ́jì. Àtẹ̀gùn tí mo ní o ò gbọdọ̀ tẹ̀ yẹn, máa rọra tẹ̀ ẹ́. Yìnyín wà lórí ẹ̀." Ó di apá Solveig mú, wọ́n sì mú un lọ sínú ọkọ̀.

Oòrùn ń tàn sórí yìnyín. Corwin àti Solveig dúró lẹ́yìn ọkọ̀.

"Mo lé ẹ," Solveig wí, "nígbà tó jẹ́ pé òtítọ́ lo sọ."

"Ìlérí lò ń pa mọ́. Mo ti rí i báyìí." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ Solveig mú. "Ṣèlérí kan fún èmi náà. Jẹ́ ká fẹ́ra wa."

Ìpayà oṣù mẹ́ta ń jáde lára Solveig díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èémí funfun tí ó ń mí. "Mo gbà," ó wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta. Mi ò lè torí ìgbéyàwó pàdánù eré."

"Ta ló sọ pé èmi lè pàdánù ẹ̀?"

Wíńdò ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Oṣù Kẹfà dára," Halvor wí. "Ẹ wọlé, òtútù ń mú. Ojú mi ló lọ, etí mi kò lọ síbì kankan."