Oje Ìbẹ́pẹ Tó Dúró Sáàárín Wọn

Abẹ́ igi ìbẹ́pẹ bàbá rẹ̀ ni Mùíbátù ti kọ́kọ́ rí Láwàlì, ó sì rò pé olè ni. Ọdún 1954 ni, ní oko Àmọ̀dá tó wà lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀tà lọ sí Ìjókò. Ọkùnrin náà fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ara igi, ó ń fi àfọ́kù ìgò ha ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, oje funfun sì ń kán tó, tó, tó sínú abọ́ tánganran tó gbé sábẹ́ rẹ̀.

Mùíbátù bi í léèrè irú olè tí í fi èso sílẹ̀ tí í jí omi ara rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí Láwàlì da abọ́ náà nù. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ní òun ti kígbe “ẹ kú oko o” títí, òun kò gbọ́ ìdáhùn. Ó ní ilé ìwádìí kan ní Yábà ni òun ti ń ṣiṣẹ́, oje ni ọ̀gá òun òyìnbó rán òun wá wá. Mùíbátù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ìlú òyìnbó kò ní nǹkan gidi mọ́ ni, tí wọ́n fi ń wá oje ìbẹ́pẹ kiri inú igbó.

Ṣùgbọ́n kí ó tó lé e lọ, ó bi í ní ohun kan: “Kí ló dé tẹ́ ẹ ò lo ọ̀bẹ?”

Láwàlì ní irin máa ń ba agbára oje náà jẹ́. Ó tún wo ọmọbìnrin náà dáadáa, nítorí láti ìgbà tó ti ń kiri oko, òun nìkan ló bi í ní ìbéèrè yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ síbòmíràn.

Àmọ̀dá, bàbá Mùíbátù, gbà láti máa ta oje fún un. Mùíbátù ló ń kọ ọ́ láàárọ̀ kùtù, òun ló ń sá a síbi tí oòrùn kì í dé, òun náà ló ń gún un títí yóò fi kúnná bí èlùbọ́. Ní gbogbo Sátidé, Láwàlì á wọ rélùwéè láti Yábà dé Ìjókò, á gun kẹ̀kẹ́ wọ Ọ̀tà. Nígbà tó yá, oje kì í tíì gbẹ tí Láwàlì á ti dé.

Ní ọjọ́ kan, ó mú wàrà inú agolo dání. Ó bu díẹ̀ sínú ife, ó po ìyẹ̀fun oje mọ́ omi, ó kán an sí i, ó ní kí Mùíbátù máa wo aago ọwọ́ òun. Ìṣẹ́jú méjì kò pé tí wàrà náà fi dì. Ó ní ohun tó ṣe iṣẹ́ yẹn náà ló ń mú ẹran líle rọ̀ bí wọ́n bá fi ewé ìbẹ́pẹ wé e.

“Ìyá mi ti mọ ìyẹn kí ẹ̀yin àti òyìnbó yín tó dé,” ni Mùíbátù wí.

Láwàlì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n oríṣiríṣi nǹkan ló dàpọ̀ nínú oje, ọ̀gá òun sì gbàgbọ́ pé ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì yà sọ́tọ̀. Òun á sẹ́ oje náà, òun á da irú iyọ̀ kan sí i nínú òtútù, ohun tí òun ń wá á sì lọ jókòó sísàlẹ̀ bí ògì. Òun á da omi orí rẹ̀ nù, òun á tún un ṣe, òun á tún un ṣe, títí tí kò fi ní í ku ohun mìíràn mọ́ ọn. Nígbà náà ni òun á mọ bó ṣe tóbi tó, ooru tí ó lè fara dà, àti ohun tí ó lè pa á.

“Mo fẹ́ rí i ní òun nìkan, Mùíbá,” ni ó wí.

Bó ṣe wí i, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ènìyàn ni. Mùíbátù jowú díẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ta ni í bá oje du ọkùnrin? Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Láwàlì sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀, òun sì fẹ́ fi í ṣaya. Mùíbátù ní kó lọ sọ fún bàbá òun. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun alẹ́.

Oṣù kejì iṣẹ́ oje yìí ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú Mùíbátù. Bó bá ti ń gún oje, àyà rẹ̀ á há, mímí rẹ̀ á máa dún fée fée. Àpọ́nlé, ìyá rẹ̀, gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní oje di èèwọ̀ nínú ilé òun. Láwàlì bẹ̀rẹ̀ sí í ra oje níbòmíràn. Ara Mùíbátù sì yá.

Ó yá, ṣùgbọ́n kò tán. Ó ń mí dáadáa láti ọjọ́ Àìkú títí di Jímọ̀, ṣùgbọ́n bí Láwàlì bá ti dé ní Sátidé, tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, kò ní í pẹ́ tí mímí rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àpọ́nlé ló kọ́kọ́ fura. Ìyá ni, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọmọ rẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, pé ọkùnrin yìí ló ń pa ọmọ àwọn. Àwọn ẹbí gbọ́, wọ́n ní ara àwọn méjèèjì kò gba ara wọn, kí wọ́n tètè tú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà ká.

Mùíbátù sọ ọ́ fún Láwàlì. Láwàlì ní kó jẹ́ kí òun dán nǹkan kan wò. Sátidé kan, ó wẹ̀ ní Ìjókò, ó yá aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀ kó tó wá, Mùíbátù sì mí dáadáa títí di ìrọ̀lẹ́. Sátidé kejì, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá, ó sì jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Mùíbátù ló gbà fún un o, kì í ṣe pé ó fi ipá ṣe é. Ṣùgbọ́n bí àyà rẹ̀ ti ń há, tó ń wá èémí, ó gbójú sókè láti wo olólùfẹ́ rẹ̀. Láwàlì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó dun Mùíbátù ju àyà tó há lọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láwàlì lọ bá Àmọ̀dá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òótọ́ ni ìyá wí. Ó ní ìyẹ̀fun oje inú aṣọ òun ni, kì í ṣe òun gan-an. Àmọ̀dá ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Láwàlì bẹ̀bẹ̀ fún oṣù mẹ́fà péré kí òun fi parí rẹ̀, lẹ́yìn náà òun á wá ṣe tíṣà ní Ọ̀tà. Wọ́n gbà. Wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa so yìgì.

Oṣù mẹ́fà yẹn ni Mùíbátù gbádùn jù láyé rẹ̀. Láwàlì kì í wọlé láìwẹ̀, kì í wọlé láìpààrọ̀ aṣọ, bàtà rẹ̀ pàápàá, ẹ̀yìn ògiri ló ń bọ́ ọ sí. Ikọ́ lọ pátápátá.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n so yìgì ni àwọn ará ilé Láwàlì gbé àpótí ẹrù ìyàwó wá. Àwọn obìnrin ń kọrin, Àpọ́nlé pàápàá ń jó. Mùíbátù ṣí àpótí náà, ó fa àrán kan yọ, ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbé e bo ojú rẹ̀, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Láwàlì ní Yábà ni àpótí náà ti wà láti oṣù mẹ́fà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ra àwọn aṣọ náà tó ń kó wọn síbẹ̀, inú yàrá tó ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́. Ó ti rántí orí, ó ti rántí ara, ó ti rántí bàtà. Kò rántí àpótí.

Orin dá. Mùíbátù ṣubú sórí ẹrù ìyàwó rẹ̀, ètè rẹ̀ dúdú, èémí kò wọlé, kò jáde. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un ní dìsípẹ́ńsárì ló dá a padà. Àmọ̀dá dá àpótí padà lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ kẹta ni Láwàlì wá. Wọn kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mùíbátù jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, Láwàlì dúró ní ìkángun àgbàlá, Àpọ́nlé sì wà láàárín. Ó di dandan kí Láwàlì gbóhùn sókè, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ ń sọ sétí ara wọn ṣe di ohun tí gbogbo agboolé gbọ́.

“Mùíbá mi, ọ̀la ni mo máa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Gbogbo aṣọ mi ni mo máa sun.”

Mùíbátù bi í pé, “Kí ló kù nínú iṣẹ́ náà?”

Láwàlì ní ohun tí òun ń wá nínú oje ti jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni òun rí i nísàlẹ̀ ìgò, ó ṣe tín-ín-tín bí abẹ́rẹ́, ó ń dán, kò sí nǹkan kan mọ́ ọn. Ó ku kí òun wọn agbára rẹ̀, kí àwọn sì kọ ọ́ sínú ìwé, orúkọ òun náà á sì wà níbẹ̀. Ọ̀gá òun ní àwọn á rán òun lọ kàwé nílùú òyìnbó. Bó ti ń sọ ọ́, ó ti rìn síwájú láìmọ̀.

“Dúró níbẹ̀,” ni Àpọ́nlé wí.

Ó padà sẹ́yìn. Mùíbátù sì ti rí bí ojú rẹ̀ ti ń tàn.

“Ẹ lọ parí ẹ̀,” ni ó wí. “Kẹ́ ẹ má wá síbí mọ́.”

Ojú rẹ̀ gbẹ nígbà tó wí i, ṣùgbọ́n nínú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ̀. Kó ṣáà sọ pé rárá, pé kí oje jẹrà, òun ò lọ síbì kankan. Rárá kan ṣoṣo ló fẹ́, ì bá sì fẹ́ ẹ bí ebi tilẹ̀ ń pa wọ́n.

Láwàlì tẹrí ba, ó pẹ́ kó tó gbé e sókè. Nígbà tó gbé e sókè, ẹ̀rín kò sí lójú rẹ̀, ẹkún kò sí níbẹ̀. Ó rí bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀.

“O ṣé, Mùíbá,” ni ó wí. “O ṣé gan-an ni.”

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà Ìjókò. Àpọ́nlé jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó sunkún bó bá fẹ́. Kò sunkún. Ní gbogbo ọjọ́ náà, èémí rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, ó ń lọ geere.