Ojú Ìràwọ̀ Lára Aṣọ Funfun

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ tí etí yín kì í kún! Ẹ fún ara yín láyè, kí ìtàn náà lè ríbi jókòó.

Alágbàfọ̀ kan ló bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ìràwọ̀ làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí pé wọ́n mú un sínú fíìmù kan tí wọ́n fẹ́ yọ jáde látinú ìwé: ìtàn àwọn èèyàn tó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ tẹ̀dó sínú ìràwọ̀. Òun ni yóò ṣe ọmọ tó ń pín omi nínú ọkọ̀. Nínú ìwé, orí kan gbáko lọmọ yẹn ní. Ìràwọ̀ kà á títí ewé ìwé fi rọ̀ bí àkísà. Bó bá ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ, orin ló ń kọ:

"Ojú mi á hàn, ojú mi á hàn,
Ayé á wò mí, ojú mi á hàn!"

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fíìmù náà gan-an ni ìdánwò àṣekágbá ilé ìwé rẹ̀ bọ́ sí.

"Ọmọ mi, ìwé gùn, fíìmù kúrú," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bí wọ́n bá gé tìẹ dànù ńkọ́?"

"Màámi, odidi orí ni mo ní! Ta ló ń gé orí èèyàn dànù?"

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọ̀rọ̀ tán. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Ìràwọ̀ wọ aṣọ ilé ìwé jáde, ó sì yà síbi fíìmù.

Nígbà tí ìyá gbọ́, ó sunkún. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Bí fíìmù ṣe jáde, ó se oúnjẹ, ó pe àdúgbò àtàwọn ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì ta aṣọ ìbùsùn funfun kan mọ́ ògiri kí wọ́n lè wò ó níbẹ̀. Ó ti lọ̀ ọ́, ó sì tún un lọ̀. "Mi ò fẹ́ kójú ọmọ mi hunjọ," ló wí.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ gbéra. Wọ́n pín omi: ẹ̀yìn ọmọbìnrin kan kọjá, kò tó ìṣẹ́jú akàn. Ó tán. Odidi orí ti di ẹ̀yìn lásán. Ìgbà yẹn gan-an sì ni ìyá dorí kodò, tó ń bu oúnjẹ fún àlejò; kò rí i.

Fíìmù ń parí lọ. "Ìràwọ̀ mi, ìgbà wo lo máa yọ?" ni ìyá bi í.

Ọmọ dáhùn: "Mo ti kọjá, màámi."

"Ẹ bá wa kí Ẹ̀yìn-ló-hàn o!" ni ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kígbe. Ẹ̀rín bo ilé. Láìpẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹn á wọ ilé ìwé gíga; òun tí kò ṣe ìdánwò á padà jókòó sáàárín àwọn àbúrò wọn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù kí ayé lè rójú ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ layé máa rí.

Gbogbo àlejò yó, inú wọn dùn, wọ́n relé wọn. Ìyá ò bá a wí. Ó tú aṣọ funfun náà lára ògiri. "Di etí kejì mú," ló sọ. Wọ́n jọ ká a. Kò hunjọ rárá.