Àwo Ìda Kíláàsì Kẹfà

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbin Etí sára ògiri gbogbo kíláàsì ní Òkè-Pupa, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ béèrè ni bóyá yóò ṣẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Kò ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rin bí ahọ́n màlúù, irun wẹ́wẹ́ hù sẹ́nu ihò rẹ̀, ó sì fẹ̀ tó atẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ìrẹsì. Ẹran ara ni. Inú ìgò ni wọ́n ti mú un dàgbà ní ilé ìwádìí, kí wọ́n tó gbé e wá lẹ̀ mọ́ ògiri.

Àwo funfun kan wà lábẹ́ Etí kọ̀ọ̀kan. Bí ohun tí Etí gbọ́ bá dùn mọ́ ọn, yóò sun ìda. Ìda náà yóò máa kán sínú àwo, yóò sì máa rùn bí wàrà tó ti bàjẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, akọ̀wé kan á wá pẹ̀lú òṣùwọ̀n, á wọn ìda. Bí ìda kíláàsì bá ṣe wúwo tó ni iṣẹ́ olùkọ́ ibẹ̀ ṣe dára tó lójú ìjọba. Àpapọ̀ ìda ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń mọ bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Olùkọ́ tí ìda rẹ̀ bá kéré jù fún táàmù mẹ́ta léraléra, wọ́n á gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní kọ́ ọmọ mọ́ láyé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí a wà. Òkè-Pupa ni ìlú tí àwọn Yorùbá tẹ̀ dó sórí ayé pupa, níbi tí kò sí atẹ́gùn téèyàn lè mí sínú. Abẹ́ àtíbàbà gíláàsì ńlá ni gbogbo ìlú wà. Bí gíláàsì bá sán, ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan á ti ara rẹ̀ pa, ẹni tó bá wà nínú yàrá á sì máa gbé ẹ̀mí ró pẹ̀lú agolo èémí tó wà ní kọ̀rọ̀. Agolo yìí ní ọwọ́ ìṣí méjì: dúdú kékeré àti pupa ńlá. Dúdú ni èèyàn máa kọ́kọ́ ṣí, á ka ení dé ẹẹ́wàá kí ọ̀nà ọ̀fun agolo lè móoru, kó tó ṣí pupa. Bó bá fi pupa ṣáájú, yìnyín á dí ọ̀fun agolo, kò sì sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́. Kíláàsì kẹfà ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ yìí. N kò ní béèrè bóyá ó yé yín. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí Etí tó dé, alábẹ̀wò ló ń lọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí èkejì. Wọ́n á jẹ iyán, wọ́n á jẹ ẹja inú táǹkì, ẹni tí iyán rẹ̀ bá sì kúná ni iṣẹ́ rẹ̀ dára jù nínú ìwé wọn. Ọ̀rọ̀ náà kó ìgbìmọ̀ ìlú nírìíra, ni wọ́n bá ké sí Dókítà Ìbíyẹmí Ṣódípẹ̀, onímọ̀ ẹran àgbìn. Dókítà rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì. Ó ní iṣẹ́ olùkọ́ kò ju kí ẹ̀kọ́ yé ọmọ lọ. Nítorí náà, kí ohun kan tí kì í jẹ iyán máa gbọ́ bóyá ó yé wọn. Ó wá kọ́ Etí láti fẹ́ràn gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ó yé wa."

Ilé Yorùbá ni wọ́n ti tọ́ Dókítà. Síbẹ̀ ó gbàgbé pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í wojú àgbà kó ní, "Ohun tí ẹ sọ kò yé mi."

Ọ̀gbẹ́ni Adégbìjà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kò gbàgbé ní tirẹ̀. Ní àràárọ̀, yóò rọ àdí sí àtẹ́lẹwọ́, yóò máa fi ra Etí kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa kí i bí ẹni ń kí ìyàwó tuntun. Àwọn ọmọ á máa wò ó. Etí kórìíra ariwo afẹ́fẹ́ tó máa ń dún ṣìì bí wọ́n bá ṣí agolo èémí. Bó bá ti gbọ́ ọ, á kákò, kò ní sun ìda ní gbogbo ọjọ́ náà. Ọ̀gá wá fi aṣọ nípọn wé gbogbo agolo, ó sì fi okùn dì wọ́n pinpin.

"Ọjọ́ tí ewu bá dé la máa tú u," ó ní.

Olùkọ́ tí ìda rẹ̀ pọ̀ jù ni Ọ̀gbẹ́ni Láoyè ti Kíláàsì Kẹfà A. Èèyàn dáadáa ni, kì í na ọmọ. Àwòrán agolo ló yà sójú pátákó.

"Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, sà!"

"Ṣé ó yé yín dáadáa?"

"Ó yé wa dáadáa, sà!"

Ìgbà ogójì lóòjọ́. Ìda á máa kán, tó, tó, tó.

Ní yàrá kejì, Kíláàsì Kẹfà B, Ìyáàfin Arínpé tú okùn agolo tirẹ̀. Ó jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, kó tì í, kó tún un ṣí. Ó sọ fún wọn pé, "Ẹni tí kò bá yé, kó pariwo rẹ̀. Kì í ṣe àfojúdi. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ sọ ọ́." Kíláàsì rẹ̀ wá kún fún "kò yé mi, mà" láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, Etí ògiri rẹ̀ sì gbẹ bí pọ̀nmọ́ inú oòrùn.

Ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì. "Ìyáàfin, ìda inú àwo yín kò tó èyí téèyàn lè fi pa ètè. Táàmù méjì ti lọ. Ẹ fẹ́ kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ yín?"

"Rárá, sà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń kọ́ni. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn."

"Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ máa fi 'Ó yé wa' kọrin nígbà náà. Kí ló le níbẹ̀?"

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, Bàbá Akínlabí dìde. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni bàbá yìí; òun ló ti ń tọ́jú agolo èémí ìlú láti ìgbà tí wọ́n ti de gíláàsì àkọ́kọ́.

"Dókítà, kí ni Etí rẹ ń gbọ́ gan-an?"

"Òye àwọn ọmọ ni, sà."

"Nígbà tí o wà ní kékeré, tí bàbá rẹ bá bá ọ wí tán, tó ní 'Ṣé o gbọ́?', kí lo máa ń sọ?"

"Mo máa ń ní mo gbọ́, sà."

"Ṣé o máa ń gbọ́?"

Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín. Dókítà fa ojú ro. "Bàbá, a ti dán Etí wò ní ilé ẹ̀kọ́ méjìlá. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, a bi àwọn ọmọ fúnra wọn bóyá ó yé wọn."

"Kí ni wọ́n sọ?"

Kí Dókítà tó dáhùn, ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn, "Wọ́n ní ó yé wọn!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yára dìde, ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, kí wọ́n fàdúrà tì í.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn táàmù kẹta, ọmọbìnrin kan ní Kíláàsì Kẹfà B, Wúràọlá, na ọwọ́. "Mà, ẹ jẹ́ ká máa pariwo ó yé wa, kí wọ́n má baà lé yín lọ. Kò kúkú ní yé wa, a kàn máa pariwo rẹ̀ ni."

Ó ti rẹ Arínpé. Ó gbà. Wọ́n pariwo rẹ̀ ní ààbọ̀ wákàtí. Etí rọ̀, ó pọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìda yẹ́kẹyẹ̀kẹ, ó ń mì bí ẹni tí wọ́n ń fi ìyẹ́ ra ní gìgísẹ̀. Arínpé sáré jáde, ó lọ bì sí ẹ̀yìn ilé. Nígbà tó padà, ó ní, "Ó tó. Ẹ mú agolo wá."

Ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, òkúta kan já láti ojú ọ̀run, ó lu gíláàsì. Gbogbo ilẹ̀kùn tì pa lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Kíláàsì Kẹfà B, kí Arínpé tó la ẹnu, ọmọ mẹ́ta ti wà lórí agolo. "Dúdú!" Wọ́n ka ení dé ẹẹ́wàá. "Pupa!" Èémí tú jáde, ṣìì. Etí kákò mọ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Láoyè kò sí nínú kíláàsì tirẹ̀. Ọ́fíìsì ọ̀gá ló wà, níbi tí wọ́n ti ń wọn orí rẹ̀ fún fìlà olùkọ́ tó dára jù. Ilẹ̀kùn tì mọ́ wọn. Ó fò mọ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ tú aṣọ ara agolo. Dúdú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, ẹ ka ẹẹ́wàá, kẹ́ ẹ tó ṣí pupa. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, sà!"

Ọ̀gá nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, Láoyè tún bi wọ́n. Ohùn ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ wọlé. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kò..." Wọ́n gbọ́ bí àwọn yòókù ṣe ní kó dákẹ́, kó má ṣàfojúdi sí tíṣà.

"Kí lo wí?" Láoyè béèrè.

"Ó yé wa, sà!"

Ó gbà wọ́n gbọ́. Kí ló tún lè ṣe? Ọdún kan gbáko ló ti fi kọ́ wọn kí wọ́n lè máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó bi wọ́n nígbà kẹta, ó bi wọ́n nígbà kẹrin. Ní ìgbà karùn-ún, ohùn kan ṣoṣo ló dáhùn, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Wákàtí méjì kọjá kí wọ́n tó rí gíláàsì dí. Bàbá Akínlabí ló ṣílẹ̀kùn. Okùn ara agolo ti já, eyín ni wọ́n fi já a. Pupa ńlá wà ní ṣíṣí. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan dúdú kékeré. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni wọ́n gbé jáde.

Ní ọjọ́ Ajé, àwọn olùwádìí pé jọ sínú yàrá náà. Ìda ti kún àwo, ó ti ṣàn bo àwo, ó ti gbá jọ sílẹ̀, bàtà gbogbo èèyàn sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì tí gíláàsì sán, akọ̀wé òṣùwọ̀n ti wá bó ṣe máa ń wá, torí ẹnikẹ́ni kò ní kó má wá. Orúkọ Láoyè ló wà lókè pátákó ìkéde: ìda tó wúwo jù láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbin Etí. Orúkọ Arínpé ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìwé tí wọ́n fi gba ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà ló dé.

Láoyè jókòó sórí bẹ́ńṣì ọmọdé, ó gbé orúnkún sókè dé àyà. 

Dókítà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "A lè tún un ṣe. Etí tó ń bọ̀ á máa dá ohùn ẹ̀rù mọ̀. Ẹ kàn fún mi lóṣù mẹ́fà."

Bàbá Akínlabí ti yọ ọwọ́ pupa lára agolo. Ó fi lé Dókítà lọ́wọ́, ó sì pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé mọ́ ọn. "Ọmọ mi, gbọ́. Ọmọ kan wà nínú yàrá yìí tó fẹ́ sọ pé kò yé òun. Wọ́n pa á lẹ́nu mọ́, torí ohun tó fẹ́ sọ kì í sun ìda. Èmi kò fẹ́ Etí mìíràn. Olùkọ́ tí ọmọ lè dá lóhùn pé rárá ni mo fẹ́. Ṣé ó yé ọ?"

Dókítà gbójú sílẹ̀. Eékún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.

"Ó yé mi, sà."

Lára ògiri, Etí gbọ̀n. Ìda kan ṣoṣo fà gbọọrọ láti ihò rẹ̀, ó já, ó kán sínú àwo.