Èémí Oiva Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

"Ọjọ́ kan péré, Venla. Kí ni ọjọ́ kan fẹ́ fi kásẹ́ẹ̀tì ṣe?"

Joakim ló ń bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀ wá sí tábìlì tí Venla jókòó sí ní yàrá ìjẹun ilé-ìwé wọn ní ìlú Kajaani, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí Venla ti ń wá ojúure rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, ọbẹ̀ ẹ̀wà aláwọ̀ ewé ni wọ́n bù fún wọn bíi ti gbogbo Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n Venla kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Joakim ti wà ní kíláàsì àṣejáde. Jákẹ́ẹ̀tì jíìnsì aláìlápá tó máa ń wọ̀ kún fún àmì àwọn ẹgbẹ́ olórin mẹ́tàlì, orin gìtá olóhùn líle yẹn, gbogbo ilé-ìwé sì gbà pé kò sẹ́ni tó mọ orin náà tó o. Èmi ò gbà o, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

"Bàbá Reino ní n ò gbọdọ̀ gbé e fún ẹnikẹ́ni," Venla fèsì.

"Bàbá Reino, Bàbá Reino! Ṣé àwọn ló bí ẹ ni?" Joakim bú sẹ́rìn-ín. "Wò ó, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì èèyàn ló ń gbọ́ orin tí mo bá gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ láti ọdún 1989, o fẹ́ kó jẹrà sínú àpótí bàbá arúgbó? Tún gbọ́ o. Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú ọkọ̀ wa tó ń lọ síbi àjọ̀dún orin ìgbà ooru. Àwọn tó ń tọrọ ẹ̀ ò lóǹkà. Ìwọ ni mo fi í dè."

Ọdún méjì ni Venla ti ń gbàdúrà kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ Joakim tiẹ̀ kí òun ní gbangba.

Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń sọ yìí ti wà nínú àpò Venla láti ọjọ́ Sátidé. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, àwọn olólùfẹ́ mẹ́tàlì máa ń kóra jọ sí yàrá orin nílé ìkàwé ìlú. Kì í ṣe ọmọdé nìkan ló ń wá síbẹ̀. Hannele tó jẹ́ dókítà eyín ń wá, Kauko tó ń wa bọ́ọ̀sì ń wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kan sì ń wá. Olúkúlùkù á mú orin kan wá, wọ́n á yí i sókè débi tí gíláàsì fèrèsé á fi máa gbọ̀n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lanu títí orin á fi parí. Bó bá parí tán, wọ́n á wá máa jà lórí rẹ̀ bí ẹni ń jà lórí ilẹ̀ baba wọn.

"Gìtá yìí ń dún bí ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ́ eyín," Hannele lè sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ṣeun, dókítà, ìyìn ńlá nìyẹn!" Kauko á fèsì, wọ́n á sì bu kọfí fúnra wọn láti inú fúláàsì.

Kí wọ́n tó túká, kálukú á mú rẹ́kọ́ọ̀dù tàbí kásẹ́ẹ̀tì kan tó fẹ́ràn jù nínú orin rẹ̀, á nà án sí ẹni tó wà lápá òsì rẹ̀ láti gbé lọ sílé. Ẹni náà á dá a padà ní Sátidé kejì ní pípé, bó ṣe gbà á. Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kì í gba ohun ìdúró. Ọkàn lásán ni wọ́n fi ń tán ara wọn.

Bàbá Reino ló dàgbà jù níbẹ̀. Ilé ìlagi ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, irun wọn ti funfun dé èjìká, etí òsì wọn kò sì gbọ́ràn mọ́. Láyé ọ̀dọ́ wọn, àwọn àti àbúrò wọn, Oiva, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kan ká orin mẹ́rin sínú kásẹ́ẹ̀tì nínú ahéré tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ ojú omi sí. Ogún péré ni wọ́n ṣe. Ọdún kejì ni yìnyín tó bo adágún fọ́ lábẹ́ Oiva, omi sì gbé e lọ. Kásẹ́ẹ̀tì mọ́kàndínlógún ti sọnù káàkiri. Ọ̀kan tó kù ni Bàbá Reino kò yá ẹnikẹ́ni rí.

Sátidé yẹn ni Venla gbìyànjú láti ké igbe mẹ́tàlì níwájú wọn, igbe tó ń ti inú lọ́hùn-ún bú jáde bíi ti ẹranko béárì. Bàbá Reino tẹ́tí, wọ́n sì mi orí.

"Ohùn ń bẹ lára ẹ, àmọ́ ọ̀fun lo fi ń ké. Ọ̀fun yẹn máa ya mọ́ ẹ lára. Gbà, gbé eléyìí lọ sílé. Máa gbọ́ bí Oiva ṣe ń mí kó tó ké. Inú ikùn lèémí yẹn ti ń wá." Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì náà. "Má dà á kọ, má sì jẹ́ kó tọwọ́ ẹ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ó gbọ́ ọ lóòótọ́. Nígbà tó fi í sínú ẹ̀rọ nílé, ariwo kásẹ́ẹ̀tì ń ṣe shììì, àga kan dún kẹ̀kẹ̀, ọkùnrin kan sì mí kanlẹ̀, èémí gígùn tó fi kún inú rẹ̀. Ó wá sọ pẹ̀lẹ́ pé, "Ó yá, Reino." Lẹ́yìn náà ni ìlù àti gìtá bẹ́ lu ara wọn. Omi lé ròrò sójú Venla láìmọ ìdí.

Ọmọ tó gbọ́ irú nǹkan báyìí, tó sì mọ ohun tó gbọ́, òun náà ló tọwọ́ bọ àpò ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, tó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà lé Joakim lọ́wọ́. Kí la fẹ́ sọ? Àyè kan nínú ọkọ̀ ló tà á fún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, orin Oiva ti wà lórí fóònù gbogbo ilé-ìwé. Venla fi ẹ̀rọ ìgbọ́rin sétí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Shììì ti lọ, àga kò dún mọ́. Joakim ti fi ẹ̀rọ fọ orin náà mọ́ bí ẹni fọ àwo. Ìlù ló kọ́kọ́ já lù ú létí. Kò sí èémí, kò sí "Ó yá, Reino." Kò tiẹ̀ sí orúkọ ẹgbẹ́ náà níbì kankan. Orúkọ Joakim ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i pé òun ló hú u jáde. Nísàlẹ̀, àwọn aláìmọ̀kan ń fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́: "Ta ni béárì tí inú ń run yìí?" Joakim náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín síbẹ̀!

Inú bí Venla gidigidi. Ó bá Joakim lẹ́nu ọ̀nà.

"Èémí yẹn dà?"

"Èémí wo? Ariwo inú ẹ̀ yẹn? Ta ló fẹ́ gbọ́ ẹni tó ń mí?"

"Gbé kásẹ́ẹ̀tì mi fún mi."

Joakim yọ ọ́ nínú àpò ìwé, kò wojú rẹ̀. "Ẹ̀rọ mi jẹ ẹ́ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́."

"O jẹ́ kí ẹ̀rọ jẹ ẹ́? Ẹ̀rọ jẹ ẹ́, o sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bisikíìtì ló jẹ? Fún mi lórin tó wà lórí fóònù ẹ bó ṣe wà kó o tó fọ̀ ọ́, àní èyí tó o kọ́kọ́ ká!"

"Ẹ̀yìn ibi tó já ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ó ti lọ. Wò ó, fara balẹ̀. Sọ fún bàbá yẹn pé ẹ̀rọ tiwọn ló ti bà á jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti darúgbó, wọn ò ní rántí. Àyè ẹ ṣì wà nínú ọkọ̀ o."

"Gbé ìtìjú ẹ jókòó síbẹ̀, ó máa gba àyè!" Venla pariwo, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì yíjú. "Olè ni ẹ́!"

Joakim gbé èjìká sókè. "Èmi? Ta ló gbé e fún mi?"

Ohun tó dun Venla jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé òótọ́ ni. Nígbà tó délé, ó kọ ọ́ sábẹ́ orin náà pé ẹni tó ni ín kò yọ̀ǹda rẹ̀, pé Oiva ni orúkọ ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Joakim fi pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́, tó sì tì í mọ́ ìta kó má bàa lè kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́.

Ní Sátidé, nígbà tó kan Venla láti gbé orin sílẹ̀, ó dìde dúró. Irọ́ tí Joakim kọ́ ọ wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì rọrùn láti sọ. Ó gbé e mì. Ó sọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí, àtorí àyè inú ọkọ̀ dórí sẹ́lótéèpù. Bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń dákẹ́ fún orin, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dákẹ́ fún un títí ó fi parí.

Bàbá Reino gba kásẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n fi sínú ẹ̀rọ, wọ́n sún etí ọ̀tún mọ́ ọn. Ó dún kọ́, ìlù sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pa á. Wọ́n yí i padà síbẹ̀rẹ̀, wọ́n tún gbọ́ ọ. Ìlù kan náà ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," Venla ní, "Joakim ní ariwo lásán ni èyí tó lọ..."

"Ariwo?" Ohùn Bàbá Reino gba gbogbo yàrá. "Àbúrò mi ni wọ́n ń pè ní ariwo? Ó lé lọ́dún márùndínlógójì tí mo ti ń tọ́jú ẹ̀! Bó bá ń ṣe mí bíi kí n gbọ́ kí Oiva pe orúkọ mi, mo mọ ibi tí mo ti lè gbọ́ ọ. Wàyí o, Venla, níbo ni kí n ti gbọ́ ọ?"

Venla ń sunkún, ẹnikẹ́ni kò sì ní kó dákẹ́.

"Jókòó," Bàbá Reino sọ fún un. "Kò sẹ́ni tó lé ẹ. Ó kéré tán, o ò fi irọ́ kún un. Máa wá, máa gbọ́ orin bíi tàwọn tó kù."

Gbogbo wọn gbọ́ orin tó kù, wọ́n mu kọfí. Nígbà tí àkókò àtiyánilórin tó, Hannele tó wà lápá ọ̀tún Venla mú rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ dání. Venla na ọwọ́. Hannele wò ó. Ó na rẹ́kọ́ọ̀dù náà kọjá lórí eékún Venla, ó gbé e lé Kauko lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e. Àwọn baba wa kò purọ́: ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi ohun tí wọ́n fi pa mọ́ sí yín lọ́wọ́ ra ìfẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ dalẹ̀ ẹlòmíì kí ẹ tó lè di ọ̀rẹ́ òun, kò fẹ́ yín, ohun tó wà lọ́wọ́ yín ló fẹ́. Orin yẹn ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí dòní, Joakim sì lọ síbi àjọ̀dún rẹ̀, ó jó, ó padà wálé. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Joakim kò pàdánù nǹkan kan, nítorí kò sẹ́ni tó fọkàn tán an tẹ́lẹ̀. Venla ni wọ́n fọkàn tán.